Aago Mélòó Ló Máa Ń Ṣe É?

Iṣẹ́ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi àti kámẹ́rà ààbò ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Mo ní àṣà kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́: mo máa ń ṣa ìròyìn apanilẹ́rìn-ín nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ jọ. Kì í ṣe ìròyìn fóònù tuntun o, kì í sì í ṣe ti olówó tó fẹ́ lọ kọ́lé sójú ọ̀run. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ohun yẹpẹrẹ kan dá dúró, tí àwọn ọ̀mọ̀wé á wá káwọ́ lérí títí wọ́n á fi rí ìdí ẹ̀. Bí kò bá síṣẹ́ lọ́sàn-án, mo máa ń ka ọ̀kan fún àwọn ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀gá tún ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo kọ́ nínú àwọn ìtàn yẹn ti yọ mí nínú wàhálà ju ìwé pẹlẹbẹ tó máa ń bá ráútà wá nínú páálí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti abúlé Aberhosan ní Wales. Oṣù 18 gbáko ni íntánẹ́ẹ̀tì abúlé yẹn fi ń ṣe wọ́n bákan. Tí aago méje àárọ̀ bá ti lù báyìí, á já, tàbí kó máa wọ́ tuuru. Àwọn ẹnjiníà Openreach tó ń bójú tó wáyà tẹlifóònù ibẹ̀ wá, wọ́n yẹ gbogbo ẹ̀ wò, wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ èyí tó pọ̀ nínú wáyà náà. Pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ariwo iná dání, wọ́n dé abúlé náà láago mẹ́fà ìdájí nínú òjò, wọ́n ń rìn kiri ojú ọ̀nà. Aago méje lù, ẹ̀rọ ọwọ́ wọn gbọ́ ariwo gèè. Wọ́n tọ ariwo náà lọ títí ó fi gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé kan. Tẹlifíṣọ̀n àlòkù tó ti gbó ni! Onílé máa ń tàn án láago méje láràárọ̀, tó bá sì ti tàn án, ariwo iná tó ń tú jáde á ba íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo abúlé jẹ́. Ojú ti onílé gan-an, ó sì gbà pé òun ò ní tan tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ láéláé. Ní September 2020 ni ìròyìn ẹ̀ jáde, mi ò sì gbàgbé ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹni tó bá dàgbà sídìí tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun nílẹ̀ wa á tètè lóye ẹ̀. Aládùúgbò á tan ẹ̀rọ ìlọta, àwòrán tiwa níhìn-ín á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ìlà funfun á máa sáré kọjá lójú àwọn òṣèré. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí wáyà bàbà tẹlifóònù, ìgbì bíi ti rédíò ló ń rìn nínú wáyà yẹn. Bí ẹ̀rọ kan tó ti gbó bá tu irú ìgbì bẹ́ẹ̀ sáfẹ́fẹ́, wáyà kò mọ ti ilé yàtọ̀ sí tàjèjì, á gbé gbogbo ẹ̀ mì.

Mi ò bú àwọn ẹnjiníà yẹn. Wáyà ni wọ́n mọ̀ ọ́n tún ṣe, wáyà náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí. Ká ní ìlú wa ló ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Tí nǹkan bá ń kú láago méje géérégé lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ táwọn kan á fi ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á kéde ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Síbẹ̀, ẹni tó ní ọwọ́ ayé ni yẹn kúkú sún mọ́ ọn ju ẹni tó ń pààrọ̀ wáyà lọ, torí ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bọ́tìnì tẹlifíṣọ̀n lọwọ́ náà ń tẹ̀.

Ti Parkes ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìlú kékeré kan ní Ọsirélíà ni Parkes. Àwo rédíò ràgàjì kan wà níbẹ̀ tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 64, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni láti máa gbọ́ ohun tó ń dún láti ojú ọ̀run jíjìnnà réré. Láti ọdún 1998 ni àwo yìí ti ń gbọ́ ìró kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìró fẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó jọ irú èyí tó máa ń ti ẹ̀yìn àwọn ìràwọ̀ tiwa wá, bẹ́ẹ̀ àwo kan náà yìí ti gbọ́ ojúlówó ẹ̀ rí. Àwọn kan fura sí mànàmáná. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ títí di January 2015, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn síbẹ̀ tó ń ṣọ́ ariwo àyíká. Kò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwo fi tún gbọ́ ìró náà, ẹ̀rọ tuntun sì gbọ́ ariwo lórí ìgbì rédíò tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz ní ìṣẹ́jú kan náà gan-an.

Máíkírówéèfù ni. Èyí táwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbé oúnjẹ gbóná.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣe é o. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ sínú ẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kó parí, tó dún “píìn” kí wọ́n tó ṣí i, kò sí nǹkan kan. Ẹni tí ebi ń pa, tó fa ilẹ̀kùn ṣí kó tó parí, òun ló ń dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ìwọ̀nba àsìkò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, tí iná inú ẹ̀ ń kú lọ, tí ilẹ̀kùn sì ti là, ìgbì díẹ̀ á jáde, bí àwo ńlá bá sì kọjú síbi tó yẹ, á gbọ́ ọ. Emily Petroff, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé nígbà yẹn, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ jáde fún aráyé kà lọ́dún 2015 láìfi bò. Mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Kò rọrùn fún ọ̀mọ̀wé láti jókòó kọ ọ́ síwèé pé ohun tí àwọn ń gbọ́ láti ọdún 17 wá, inú kíṣìnì ló ti ń wá.

Àmì ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa wò ó. Àsìkò iṣẹ́ ni ìró yẹn sábà máa ń dún, lójú ọ̀sán. Ìràwọ̀ ò kúkú mọ àsìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Látìgbà yẹn ló ti di pé, tí oníbàárà bá pè mí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, mi ò kì í kọ́kọ́ béèrè irú ráútà tó ní mọ́. Aago mélòó ló máa ń ṣe é? Kí lẹ máa ń ṣe lásìkò náà? Ta ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ yín? Àwọn mìíràn máa ń wò mí bíi pé babaláwo ni wọ́n pè. Obìnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó fèsì pé láago kan sí méjì ọ̀sán ni ti òun, ní yàrá ẹ̀yìn nìkan. Mo yí lọ sẹ́yìn, mo fi etí kan ògiri, mo gbọ́ “píìn”. Ilé oúnjẹ ló wà lódì kejì, máíkírówéèfù wọn sì fẹ̀yìn ti ògiri yẹn gan-an. Orí 2.4 GHz kan náà ni Wi-Fi rẹ̀ wà. Mo gbé e lọ sórí ìgbì mìíràn, 5 GHz, ọ̀rọ̀ tán.

Ti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Akóbọ̀ kò tán kíá bẹ́ẹ̀. Ilé méjì ni wọ́n ní, títì ló là wọ́n láàárín. Kí wọ́n tó mọ̀ mí ni ẹnì kan ti fi rédíò kékeré méjì so ilé méjèèjì pọ̀, ọ̀kan lórí òrùlé níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè dé yàrá kọ̀ǹpútà. January ni wọ́n ṣe é, ó sì ń sáré dáadáa. Nígbà tó máa fi di ìparí March, ó ti ń já. Nígbà tí òjò wá dé, ó di ohun à ń bẹ̀.

Màmá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà jókòó tì mí ní ọ́fíìsì, inú bí wọn.

“Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta. Àkọ́kọ́ ní rédíò ti jóná, mo ra òmíràn. Ìkejì ní ráútà ló ti gbó, mo pààrọ̀ ẹ̀. Owó ń lọ, nǹkan ò yí padà. Àbí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ẹ̀kọ́ sísàlẹ̀ yẹn ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Aago mélòó ló máa ń ṣe é?”

“Kò ní aago! Ìgbà tó bá wù ú ni.”

Tíṣà kọ̀ǹpútà ló là mí lójú. Ó ní òun ti ṣàkíyèsí pé tí òjò bá rọ̀, kì í ṣe àsìkò òjò nìkan ló máa ń já. Òjò á dá tán, á ṣì máa já fún bíi wákàtí kan. Tí oòrùn bá wá ràn dáadáa, á padà bọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, á wá, á lọ, á wá, á lọ. Mo ní ó ṣeun, aago nìyẹn. Aago ẹlòmíràn wà lára ògiri, ti òmíràn wà lójú sánmà.

A gun òrùlé. Mo ṣí fóònù, mo wo agbára ìgbì: -84. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe sún mọ́ òdo tó ni ìgbì ṣe ń lágbára tó; rédíò tó kàn sọdá títì lásán, ó yẹ kó máa kà -50 tàbí lágbègbè ibẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn rédíò náà kí n lè rí ohun tí òun ń rí. Ewé ni. Ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, títóbi, tutù yọ̀yọ̀, òjò àárọ̀ ṣì ń kán lára ẹ̀. Mi ò rí ilé kejì rárá.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá tó ń ṣọ́ géètì.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi yìí, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?”

“Igi fúrúùtù yìí?” Bàbá fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí i. “Ọmọ mi, mi ò ní ọ̀tá méjì nínú ọgbà yìí. Tí ọyẹ́ bá ti mú, gbogbo ewé ẹ̀ á pọ́n, á wọ́ tán pátápátá. Mo gbá àárọ̀, mo gbá ọ̀sán. Ìgbà táwọn yẹn wá gbé nǹkan orí òrùlé sí i, ìhòòhò ni igi yìí wà. Èmi ni mo di àkàbà mú fún wọn.”

Rédíò 5 GHz fẹ́ kí ojú òun àti ojú èkejì máa ṣe mẹ́rin. Omi inú ewé máa ń gbé ìgbì ẹ̀ mu, tí ewé náà bá tún wá rin gbingbin, ó ti parí. Ẹni tó ṣe é ní January rí ojú sánmà gbalasa láàárín ilé méjèèjì, ó de rédíò mọ́bẹ̀, ó gba owó ẹ̀. Tíṣà rí òjò, Màmá rí ọ̀tá, àwọn ẹnjiníà méjì rí ẹ̀rọ tí wọ́n lè tà. Bàbá tó ń gbálẹ̀ ló rí igi, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè.

Màmá kọ̀ jálẹ̀ pé a ò ní gé e, abẹ́ ẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣeré, wọ́n sì fẹ́ràn èso ẹ̀. Ìyẹn náà dáa. Wẹ́dà kan nítòsí bá wa jó páìpù irin gígùn, a gbé rédíò méjèèjì sókè kọjá orí igi, nọ́ńbà padà sí -52. Màmá fi fóònù pe ẹni tó ta ráútà fún wọn lójú mi. Mi ò ní tún ohun tí wọ́n sọ fún un sọ níbí.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ní aago ṣá. Ẹranko kì í wo aago. Ní June 2016, ọ̀bọ kan gun òrùlé ibùdó iná mànàmáná Gitaru ní Kẹ́ńyà, ó já bọ́ lu tiransifọ́mà, iná ibẹ̀ kú, ẹrù wọ àwọn tó kù lọ́rùn, ni gbogbo orílẹ̀-èdè bá ṣókùnkùn fún wákàtí bíi mẹ́ta. Ọ̀bọ ọ̀hún ò kú! Lọ́dún yẹn kan náà, ẹranko kan tí kò tó ológbò wọ ibi iná ẹ̀rọ ńlá CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan, ẹ̀rọ tó yí po kìlómítà 27 lábẹ́ ilẹ̀ láàárín Swítsàlandì àti Faransé, ó sì dá a dúró. Nígbà tí irú ẹ̀ kejì tún kú síbẹ̀ ní oṣù November, wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Rotterdam, wọ́n tò ó síbẹ̀ fáráyé wò. Alángbá tí mo ti bá nínú ínfátà nílùú Ìbàdàn nìkan, tí wọ́n bá ní ká tò wọ́n jọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rotterdam ò ní gbà wọ́n.

Màmá àgbà náà wà tó jẹ́ ẹni ọdún 75 ní Jọ́jíà, tó ń walẹ̀ wá bàbà lọ́dún 2011, tó fi ṣọ́bìrì gé wáyà. Íntánẹ́ẹ̀tì Àrméníà, orílẹ̀-èdè odindi tó múlé gbè wọ́n, kú fún wákàtí bíi márùn-ún. Ohun tí màmá sọ ni pé òun ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó wá di 14 March 2024, tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà níwájú Abidjan, tí áàpù báńkì ò ṣí ní Nàìjíríà, ẹ̀rín dá. Gbogbo oníbàárà tí mo ti tẹ́ wáyà fún rí ló pè pé kí n wá wo ohun tí mo ṣe. Alàgbà kan ní kí n má parọ́ òkun fóun, Ìbàdàn ò sí lẹ́bàá òkun.

Àwọn àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ pé láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti wà, aago ò kàn wọ́n. Ìlú Laufenburg wà ní Jámánì, Laufenburg wà ní Swítsàlandì, odò Rhine ló là wọ́n. Wọ́n ń kọ́ afárá látìhín àtọ̀hún kó lè pàdé láàárín. Àwọn ará Jámánì ń ti Òkun Àríwá wọn gíga ilẹ̀ tiwọn, àwọn ará Swítsàlandì ń ti Òkun Mẹditaréníà wọn tiwọn, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 27. Wọ́n mọ̀! Wọ́n ti ṣírò ẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti rò ó pọ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, ní 2003 wọ́n wá rí i pé apá kan fi sẹ̀ǹtímítà 54 ju èkejì lọ. Ti Faransé ní 2014 ò jìnnà sí i: wọ́n ra ọkọ̀ ojú irin tuntun tó fẹ̀ ju ohun tí nǹkan bíi pèpéle 1,300 lè gbà, torí pé àwọn ibùdó tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n kọ́ nìkan ni wọ́n wọ̀n. Mílíọ̀nù 50 owó yúrò ni wọ́n fi ń họ etí pèpéle. Nítorí méjèèjì yìí, mi ò kì í gba ìwọ̀n wáyà lẹ́nu oníbàárà. Ó lè sọ pé mítà ogún ni, kó jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń kà á, èmi sì máa ti orí pólù bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó ni ti ẹyẹlé. Àwàdà lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1 April 1990, David Waitzman kọ ìlànà kan sílẹ̀, RFC 1149, nípa bí wọ́n ṣe lè máa fi ẹyẹlé gbé dátà íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2001, àwọn kan ní Bergen, ní Nọ́wè, gbìyànjú ẹ̀ ní tòótọ́: nínú ìdì dátà mẹ́sàn-án, èsì mẹ́rin ló padà wálé. Ṣùgbọ́n ní 9 September 2009, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Gúúsù Áfríkà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń falẹ̀ so káàdì mẹ́mọ́rì 4GB mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé kan tó ń jẹ́ Winston. Ó fò nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ sí apá Durban ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 8. Kí wọ́n tó kó dátà náà sórí kọ̀ǹpútà tán, gbogbo ẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jọ gbéra lọ́wọ́ kan náà ṣì wà ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún wọn pé tí ẹ bá fẹ́ fi fídíò ọjọ́ méjì ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ kó o sínú háàdì, ẹ gbé e fún dírẹ́bà ní Ìwó Road. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà.

Ilé ìtajà kan ní Bódìjà ló wà lọ́wọ́ wa báyìí. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ilé ẹ̀ máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ nìkan. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ìró gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ni, èkejì ní ẹnì kan ló ń bò ó kó lè kó ọjà gba ẹ̀yìn jáde. Èmi fura sí ẹni tó ń yọ púlọ́ọ̀gì kámẹ́rà kó lè lọ aṣọ Jímọ̀. Àlàájà tó ni ilé ìtajà náà ní ká má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fóun o, ká ṣáà wá. Jímọ̀ tó ń bọ̀, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà máa gbé àga síbẹ̀ láti aago méjìlá. Àlàájà ti ṣèlérí ìrẹsì fún un, òun náà sì ti ń bẹ̀ mí pé kí n má bá òun lọ, kí ẹran má baà di pínpín.